Àtúnṣe Họ́ọ̀bù Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́ ní Ilẹ̀ Ẹlẹ́rẹ̀ Adja-Ouèrè

Họ́ọ̀bù ni irin róbótó tó wà ní àárín gbùngbùn ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, tí gbogbo sípókì fi orí kọ́ lára, tí ọ̀pá irin kan sì gba inú rẹ̀ kọjá láti so ẹsẹ̀ náà mọ́ férémù. Ọ̀pá yìí kì í yí. Họ́ọ̀bù ni ó ń yí i ká, tòun ti ẹrù tó wà lórí kẹ̀kẹ́, ohunkóhun tó bá sì dí ìyípo yìí lọ́wọ́, orúnkún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ni yóò ru ìyà rẹ̀. Ní àgbègbè Adja-Ouèrè, ní ẹ̀ka Plateau tó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Benin, alùpùpù ti gba ojú títì lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere, ṣùgbọ́n ní ọ̀nà oko, láti ẹ̀yìn Ikpinlè títí dé Massè àti Oko-Akarè, kẹ̀kẹ́ ṣì jẹ́ ohun ìrìnnà fún ẹni tí kò ní owó epo lójoojúmọ́. Òun ni ó ń kó ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ìdì ẹyìn àti omi, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà, nítorí pé orí ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń di í sí.

Ilẹ̀ àgbègbè náà kò rí bákan náà jálẹ̀. Ilẹ̀ pupa ló wà ní apá gúúsù, èyí tí omi máa ń tètè fà sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti ń lọ sí apá àríwá, yóò bọ́ sí ilẹ̀ dúdú ti kòtò ńlá Lama, níbi tí àwọn Ọ̀họ̀rí ti ń gbé láti ìrandíran. Ilẹ̀ dúdú yìí máa ń wú bí òjò bá rọ̀, a sì máa lẹ̀ mọ́ ohun gbogbo. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a sán, a sì di eruku lẹ́búlẹ́bú tí kò sí ihò tí kò lè wọ̀. Níwọ̀n bí ìgbà òjò ti jẹ́ méjì lọ́dún, ọ̀kan láti nǹkan bí oṣù Kẹta dé oṣù Keje, èkejì láti oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Kọkànlá, họ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ kì í sinmi kúrò lọ́wọ́ ẹrẹ̀ kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ eruku. Ohun tí àròkọ yìí yóò ṣàlàyé ni bí oníṣẹ́ tó ní irinṣẹ́ díẹ̀ nílé ṣe lè yí inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn padà kí ó lè fara da irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, àti ìgbà tí kò yẹ kí ó fọwọ́ kàn án rárá.

Ó yẹ kí òye inú họ́ọ̀bù àtijọ́ kọ́kọ́ yéni. Ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀, wọ́n ki irin kan tó jinnú bí ife kékeré mọ́ ọn, èyí tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń pè ní kọ́ọ̀pù. Inú kọ́ọ̀pù yìí ni àwọn ọmọ irin róbótó máa ń jókòó sí nínú gírísì. Kóònù, ìyẹn irin mìíràn tí wọ́n gbẹ́ ihò olóòlọ́, èyí tó ní ìlà yíyí, sí nínú, ni wọ́n máa ń lọ́ mọ́ ọ̀pá àárín títí tí imú rẹ̀ yóò fi kan àwọn ọmọ irin náà, nọ́ọ̀tù kan yóò sì tì í láti ẹ̀yìn kí ó má baà tú. Bí kóònù bá le jù, àwọn ọmọ irin yóò máa họ ojú irin tí wọ́n ń yí lé. Bí ó bá dẹ̀ jù, ẹsẹ̀ yóò máa mì sọ́tùn-ún sósì, ọmọ irin yóò sì máa lu kọ́ọ̀pù bí kẹ̀kẹ́ bá ti ń já sínú kòtò.

Ìlànà náà ti pẹ́. Ní ọdún 1869 ni Jules Suriray, ará ìlú Paris, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí lílo ọmọ irin róbótó nínú kẹ̀kẹ́, nígbà tó sì di ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, James Moore, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gun kẹ̀kẹ́ tó ní irú rẹ̀ borí nínú ìdíje láti Paris sí Rouen, ìrìn tó tó kìlómítà 123. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ló ṣì ń ṣe ọmọ irin nígbà náà, wọn kì í sì í dọ́gba, àfi ìgbà tí Friedrich Fischer ṣe ẹ̀rọ kan ní ìlú Schweinfurt ní Jámánì ní ọdún 1883, èyí tó ń lọ ọmọ irin púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà títí gbogbo wọn yóò fi rí bákan náà. Láti ìgbà náà ni họ́ọ̀bù oníkọ́ọ̀pù àti kóònù ti di ti gbogbo ayé, ó sì tọ́ sí ìyìn tó gbà, nítorí pé ẹni tó ní sípánà méjì péré lè tú u, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì tò ó padà lábẹ́ igi.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ẹrù ló ń ba họ́ọ̀bù jẹ́, ṣùgbọ́n ìṣirò kò fara mọ́ èrò náà. Bí ẹni tó wúwo tó kílò 65 bá gun kẹ̀kẹ́ tó ru bídọ́ọ̀nù omi méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 25, nǹkan bíi kílò 90 ni yóò wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Họ́ọ̀bù ẹ̀yìn àtijọ́ sábà máa ń ní ọmọ irin 9 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ mìlímítà 6.35; kò sí bí kílò 90 ṣe lè fọ́ wọn. Ẹrẹ̀ ni ọ̀tá. Àlàfo tóóró ló wà láàárín kóònù àti etí họ́ọ̀bù, awẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ló sì bò ó, tí omi ẹrẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Bí iyanrìn bá ti dàpọ̀ mọ́ gírísì, ohun tí wọ́n fi ń dẹ irin ti di ohun tí ń lọ irin nìyẹn, kóònù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní ihò wẹ́wẹ́ lójú, bí ẹni tí ìgbóná jà.

Ìdí nìyí tí ojú àwọn oníṣẹ́ fi máa ń lọ sí bíárìn tó dí pa, irú èyí tó wà nínú ẹsẹ̀ alùpùpù. Bíárìn yìí ní òrùka irin méjì, ọ̀kan nínú èkejì, àwọn ọmọ irin wà láàárín wọn, gírísì ti wà nínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, rọ́bà sì bo ojú méjèèjì. Níwọ̀n bí alùpùpù ti pọ̀ dé gbogbo abúlé, kò sí ọjà ńlá tí ẹni kan kò ti ń ta bíárìn rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ni yóò sọ ohun gbogbo fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kà: 6 àkọ́kọ́ sọ irú bíárìn tó jẹ́, nọ́ńbà kejì sọ bí ó ṣe nípọn tó, méjì tó kẹ́yìn sì sọ fífẹ̀ ihò àárín rẹ̀, tí 00 dúró fún mìlímítà 10, 01 fún 12, 02 fún 15, 03 fún 17. Nítorí náà, 6000 ní ihò mìlímítà 10, òde rẹ̀ sì jẹ́ 26. 6001 ní ihò 12, òde rẹ̀ jẹ́ 28. 6201 ní ihò 12 bákan náà, ṣùgbọ́n òde rẹ̀ tó 32. Bí wọ́n bá kọ 2RS tẹ̀lé e, rọ́bà wà ní ojú méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ ZZ, awẹ́ irin lásán ni, èyí tó lè dí eruku díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè dí omi. Fún ilẹ̀ Adja-Ouèrè, 2RS nìkan ló yẹ ní rírà.

Kì í ṣe pé bíárìn yìí lágbára ju ti àtijọ́ lọ. Ọmọ irin 7 péré ló wà nínú 6000, fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ju mìlímítà 4.76 lọ. Èrè rẹ̀ wà nínú pé ẹrẹ̀ kò rọrùn fún láti wọ inú rẹ̀, àti pé kò sí kóònù tí ọwọ́ àìmọ̀ lè fún jù tàbí kí ó dẹ̀ jù. Ẹni tí kọ́ọ̀pù rẹ̀ bá ṣì ń dán, tí kò sì ní ihò, kò nílò àtúnṣe kankan ju pé kí ó ra kóònù tuntun, kí ó fọ inú họ́ọ̀bù mọ́, kí ó sì fi gírísì tuntun sí i kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí ó bá dá. Bíba họ́ọ̀bù tó dára jẹ́ láti fi bíárìn sí i jẹ́ àdánù. Èyí tí kọ́ọ̀pù rẹ̀ ti họ, tí wọn kò sì rí irú rẹ̀ rà mọ́, ni àtúnṣe yìí wà fún, ó sì ń dun ni pé irú họ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, tí irin rẹ̀ ṣì le koko, ni wọ́n sábà máa ń tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n kí sípánà tó kan ohunkóhun. Ìwọ̀n tó ṣe pàtàkì jù ni gígùn láti ojú nọ́ọ̀tù ọ̀tún dé ojú nọ́ọ̀tù òsì, níbi tí wọ́n ti kan férémù, èyí tó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 110 lára kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ehín ẹyọ kan. Ìwọ̀n kejì ni bí ehín tí ṣéènì ń gbà ṣe jìnnà sí nọ́ọ̀tù ọ̀tún tó. Bí méjèèjì bá yí padà lẹ́yìn iṣẹ́, férémù kò ní gba ẹsẹ̀ náà, tàbí kí ṣéènì máa yọ. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tú ọ̀pá àárín, kó gbogbo ọmọ irin jáde, nu inú họ́ọ̀bù gbẹ, kí wọ́n sì wò ó dáadáa bóyá kọ́ọ̀pù náà jẹ́ irin ọ̀tọ̀ tí wọ́n kì mọ́ ọn. Ìlà tóóró kan yóò hàn láàárín méjèèjì bí ó bá rí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí ìlà, ara họ́ọ̀bù ni wọ́n ti gbẹ́ kọ́ọ̀pù náà, kò sì sí ohun tí irinṣẹ́ ilé lè ṣe sí i. Èyí tó bá jẹ́ ọ̀tọ̀, ọ̀pá irin tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ ni wọn yóò kì bọ inú họ́ọ̀bù láti ẹ̀gbẹ́ kejì, wọn yóò sì máa fi òòlù lù ú díẹ̀díẹ̀ yíká ẹ̀yìn kọ́ọ̀pù títí yóò fi jáde.

Ihò tí kọ́ọ̀pù fi sílẹ̀ ni ibùjókòó bíárìn tuntun, ọ̀rọ̀ gbogbo iṣẹ́ náà sì dúró lórí rẹ̀. Ìlànà kan wà tí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bíárìn gbọ́dọ̀ mọ̀: òrùka tó ń yí lábẹ́ ẹrù ni ó gbọ́dọ̀ fún pinpin nínú ibùjókòó rẹ̀, nítorí pé bí àyè bá wà lábẹ́ rẹ̀, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ẹrù yóò máa tì í díẹ̀díẹ̀ yíká títí yóò fi jẹ ibùjókòó náà gbòòrò. Nínú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, òrùka òde ló ń yí pẹ̀lú họ́ọ̀bù. Òun ló gbọ́dọ̀ fún, nígbà tí òrùka inú, tí ọ̀pá àárín mú dúró, lè wọlé pẹ̀lú agbára ọwọ́ lásán. Kò wọ́pọ̀ kí ihò náà ṣe rẹ́gí pẹ̀lú òde bíárìn, ibi tí àwọn tó ń kánjú sì ti máa ń ṣìnà ni pé wọn yóò mú fáìlì, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ fẹ ihò náà kí bíárìn tó tóbi lè wọ̀ ọ́. Fáìlì kò lè ṣe ihò tó yípo pé. Bíárìn tí wọ́n bá kì sínú rẹ̀ yóò fún ní apá kan, yóò sì jọ̀ ní apá kejì, ihò ọ̀tún àti ti òsì kò sì ní wà lórí ìlà kan náà mọ́. Àwọn mìíràn máa ń jó bíárìn mọ́ họ́ọ̀bù pẹ̀lú iná wẹ́dà, èyí tó burú jù, nítorí pé iná náà yóò jó rọ́bà, yóò yọ́ gírísì, yóò sì ba líle irin jẹ́.

Ọ̀nà tó dára ni búùṣì, ìyẹn òrùka irin tí wọ́n ṣe láti jókòó láàárín ihò họ́ọ̀bù àti bíárìn. Bí àpẹẹrẹ, bí ihò bá jẹ́ mìlímítà 30, tí wọ́n sì fẹ́ fi 6000 sí i, búùṣì tí òde rẹ̀ jẹ́ 30, tí inú rẹ̀ jẹ́ 26, tí ètè kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ láti dá bíárìn dúró, ni yóò dí àlàfo náà. Búùṣì nìkan ni iṣẹ́ tí ilé kò lè ṣe, nítorí pé ó nílò ẹ̀rọ tó ń yí irin lójú ọ̀bẹ, irú èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń gẹ́ irin ní ìlú ńlá bíi Àjàṣẹ́ àti Kútọnu. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà ọ̀nà yìí ni pé kò sí ẹni tó ní láti tú sípókì 36 tàbí 40 kúrò lára ríìmù kí ó tó gbé họ́ọ̀bù lọ sí ìlú. Ìwọ̀n tí wọ́n fi kálípà mú àti bíárìn fúnra rẹ̀ ni yóò rìnrìn-àjò, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yóò sì dúró sílé. Bí àyè tó kù bá jẹ́ ìdá kékeré nínú mìlímítà kan, awẹ́ tí wọ́n gé lára agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.1 mìlímítà, lè dí i bí wọ́n bá wé e lẹ́ẹ̀kan péré láìjẹ́ kí etí rẹ̀ gun ara wọn. Èyí dára fún ìgbà díẹ̀. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní kíkì bíárìn wọlé, òrùka òde nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀. Ẹni tó bá lu òrùka inú, agbára òòlù rẹ̀ yóò gba ara àwọn ọmọ irin kọjá, wọn yóò sì ti sàmì sí ojú irin kí kẹ̀kẹ́ náà tó rin ìrìn kankan. Irinṣẹ́ tó rọrùn jù ni ọ̀pá olóòlọ́ gígùn kan, nọ́ọ̀tù méjì, àti bíárìn àlòkù tó jẹ́ ìwọ̀n kan náà: wọn yóò gbé bíárìn àlòkù lé ojú tuntun, wọn yóò ki ọ̀pá náà kọjá nínú gbogbo rẹ̀, wọn yóò sì máa fi sípánà fún nọ́ọ̀tù náà títí bíárìn yóò fi wọlé ní títọ́. Wọ́n lè gbé họ́ọ̀bù sún mọ́ ẹyín iná èédú títí yóò fi gbóná bí omi tó fẹ́ hó. Irin tó jẹ́ mìlímítà 26 yóò fi nǹkan bí 0.025 mìlímítà fẹ̀ sí i bí ooru bá fi digíríì 80 gòkè, èyí tó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n lórí ohun tó fún pinpin, ó tó láti ya iṣẹ́ ọwọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ òòlù. Bíárìn fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan iná.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá àárín tẹ̀lé e. Lára họ́ọ̀bù tí fíríwíìlì, ìyẹn ehín ẹ̀yìn tó ń jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa lọ láìwa ẹsẹ̀, bá jẹ́ lílọ́ mọ́, bíárìn ọ̀tún kì í sún mọ́ férémù; fíríwíìlì ló gba ibẹ̀, ọ̀pá sì ní láti na apá rẹ̀ kọjá nínú àlàfo yẹn láìsí ohun tó gbé e. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pá tó bá tẹ̀ tàbí tó bá kán ti máa ń kán. Agbára ọ̀pá láti má tẹ̀ máa ń gòkè bí ìsọdipúpọ̀ fífẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí náà ọ̀pá mìlímítà 12 fi nǹkan bí ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún lágbára ju ti 10 lọ, bí irin wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà. Ìdí nìyí tí 6001 fi dára ju 6000 lọ fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù, bí ibùjókòó bá gbà á. Apá méjèèjì ọ̀pá náà ni wọn yóò fi fáìlì pẹ́ kí ó lè wọ ẹnu férémù, ṣùgbọ́n ibi tí bíárìn ń jókòó gbọ́dọ̀ dán láìní òòlọ́ lára, nítorí pé òrùka inú tó bá jókòó lórí òòlọ́ yóò máa jẹ ẹ́ títí yóò fi máa mì. Ẹni tó bá ní ìfẹ́ sí bíárìn ńlá gbọ́dọ̀ rántí pé apá họ́ọ̀bù tí fíríwíìlì ń lọ́ mọ́ kò fẹ̀ ju nǹkan bíi mìlímítà 34.8 lọ. 6001 yóò fi mìlímítà 3.4 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó yọ ti òòlọ́. 6201 yóò fi 1.4 péré sílẹ̀, èyí tó fẹ́lẹ́ ju ohun tí ẹrù lè gbára lé.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa fíríwíìlì tí àgbègbè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè Nàìjíríà kò lè fojú fò. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tó wá láti ilẹ̀ Faransé máa ń ní òòlọ́ mìlímítà 34.7, tí ìlà kan jìnnà sí èkejì ní mìlímítà 1, nígbà tí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó gba ọ̀nà Nàìjíríà wọlé, máa ń ní ìlà 24 nínú íǹṣì kan. Méjèèjì jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan yóò fi wọ èkejì fún ìyípo kan tàbí méjì kí ó tó le. Ẹni tó bá fi agbára lọ́ ọ síwájú ti ba họ́ọ̀bù jẹ́ nìyẹn, gbogbo iṣẹ́ bíárìn tó ṣe sì ti di asán.

Ohun tó kù, tí ó sì jẹ́ pé àìsí rẹ̀ ló ń pa ọ̀pọ̀ bíárìn tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ni páìpù àlàfo. Páìpù yìí máa ń wọ ara ọ̀pá àárín láàárín bíárìn méjèèjì, ó sì máa ń kan òrùka inú wọn nìkan. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìgbàkígbà tí wọ́n bá fún nọ́ọ̀tù mọ́ férémù, òrùka inú ọ̀tún àti ti òsì yóò máa sún mọ́ ara wọn, nígbà tí òrùka òde kò kúrò lójú kan, àwọn ọmọ irin yóò sì há sí àárín. Gígùn páìpù gbọ́dọ̀ bá àlàfo láàárín bíárìn méjèèjì mu, kí ó sì fi nǹkan bí 0.1 mìlímítà gùn jù ú lọ. Ayùn irin ni wọ́n fi ń gé e ní gígùn díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, lẹ́yìn náà wọn yóò tẹ́ pépà oníyanrìn sórí gíláàsì, wọn yóò sì máa yí ẹnu páìpù lórí rẹ̀, wọn yóò máa wọ̀n ọ́ léraléra, títí ẹnu méjèèjì yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Sùúrù ibí yìí ni wọ́n fi ń mọ oníṣẹ́ gidi.

Ìdánwò rẹ̀ kò ṣòro. Kí wọ́n to gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n fi òrùka irin kéékèèké dí àyè tí kóònù fi sílẹ̀ kí ìwọ̀n àkọ́kọ́ lè padà pé, kí wọ́n fún nọ́ọ̀tù gírígírí, kí wọ́n sì fi ìka méjì yí ọ̀pá náà. Bí ó bá yí wọ́ọ́rọ́wọ́ bákan náà ṣáájú fífún nọ́ọ̀tù àti lẹ́yìn rẹ̀, páìpù náà pé. Bí ó bá le lẹ́yìn fífún, ó kúrú, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gé òmíràn.

Ẹsẹ̀ iwájú kò nílò wàhálà púpọ̀, nítorí pé ẹrù rẹ̀ kéré, kò sì ní fíríwíìlì. Gírísì àti kóònù tuntun máa ń tó o. Ní ti ìtọ́jú họ́ọ̀bù tuntun náà, ọ̀tá rẹ̀ tó kù ni ọwọ́ ẹni tó ni ín. Bẹntiróòlù inú ìgò, tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lára kẹ̀kẹ́. Ó máa ń wọ abẹ́ rọ́bà, a mú un wú, a sì fọ gírísì inú rẹ̀ dànù, nígbà tí aṣọ tútù lásán ì bá ti ṣe iṣẹ́ náà. Epo pupa, tí àwọn mìíràn ń kán sí etí họ́ọ̀bù nígbà tó bá ń dún, máa ń gan bó bá pẹ́, a sì kó eruku ẹ̀ẹ̀rùn jọ síbẹ̀. Bíárìn tó dí pa tó bá ti ń dún kò fẹ́ epo kankan. Pípààrọ̀ ló kàn, búùṣì àti páìpù àlàfo yóò sì wà níbẹ̀ láti gba òmíràn, tí wọ́n bá ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ara férémù.